Máìkì wo ni kí n rà láti fi ká ewì àti oríkì sílẹ̀ nínú yàrá mi?

Àṣàkẹ́ Akéwì (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ewì àti oríkì ni mo ń ké níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Àwọn èèyàn ti wá ń bẹ̀ mí pé kí n ká oríkì ìdílé wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn lókè òkun. Fóònù ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ohùn mi máa ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Tí mo bá sì gbé e sókè, ó máa ń fọ́ létí.

Yàrá mi kò tóbi. Páànù ló wà lórí ilé, ilẹ̀ rẹ̀ táìlì, ògiri rẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lẹ́yìn fèrèsé, ẹ̀rọ ìlọta sì wà ní òdìkejì títì. Laptop nìkan ni mo ní. Ẹni tó ń ta máìkì sọ pé oríṣi tí wọ́n ń pè ní condenser ni kí n rà, pé òun ni máìkì sítúdíò, pé orí ìtàgé nìkan ni oríṣi kejì, dynamic, wà fún. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kó owó yìí jọ, n kò ní òmíràn tí màá fi ra ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?

Bọ̀ọ̀dá Onísáúndì:
Àṣàkẹ́, o káre tí o kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Dynamic pọ̀ ní sítúdíò, ilé iṣẹ́ rédíò sì kún fún un. Condenser, tí etí rẹ̀ mú ju ti dynamic lọ, dára, èmi náà ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n inú yàrá tó dákẹ́ ló ti ń ṣe dáadáa. Wo AT2020 ti Audio-Technica, tó jẹ́ condenser, àti SM58 ti Shure, dynamic tó ti wà lọ́jà láti 1966. Bí ohùn kan náà bá kan àwọn méjèèjì, AT2020 á mú iná tó tó nǹkan bíi 14 mV (mílífóòtì) jáde, SM58 kò ní ju 1.85 mV lọ. AT2020 tún ń gba ìró tín-ín-rín dé 20 kHz, SM58 dúró ní 15 kHz. Nínú yàrá tìrẹ, bí ohùn ṣe ń ta padà lára táìlì àti ògiri ni gbogbo etí mímú yẹn máa gbà sílẹ̀ fún ọ.

Yàtọ̀ síyẹn, AT2020 nílò iná 48 V tí à ń pè ní phantom power, laptop rẹ kò sì ní i. Wàá tún ra interface, ẹ̀rọ kékeré tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ laptop, kún un. Dynamic ni kí o rà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham):
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé kó ra dynamic, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Dynamic kò mọ ohùn èèyàn yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀. Bí Àṣàkẹ́ bá gbé SM58 jìnnà sẹ́nu, tó wá yí gain (bọ́tìnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè) sókè, ariwo náà á bá a gòkè.

Ìsúnmọ́ ni iṣẹ́ wà. Nígbàkigbà tí o bá dín àlàfo ẹnu rẹ sí máìkì kù sí ìdajì, ohùn rẹ á fi nǹkan bíi 6 dB (dẹ́síbẹ̀lì, ìwọ̀n agbára ìró) lágbára sí i, ariwo ìta á sì wà níbi tó wà. Láti 40 sẹ̀ǹtímítà wá sí 10, 12 dB nìyẹn. SM58 gba irú ìsúnmọ́ yẹn, torí fóòmù wà nínú àwọ̀n irin orí rẹ̀ tó ń dín èémí ẹnu kù. Àmọ́ má fi ẹnu kàn án. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, ìsàlẹ̀ ohùn á wúwo, ọ̀rọ̀ ewì kò sì ní já gaara.

Ibi tí wàá dúró sí tún ṣe pàtàkì. Máìkì cardioid ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: iwájú ló fi ń gbọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ di sí ìró. Nítorí náà ẹ̀yìn máìkì ni kó kọjú sí fèrèsé jẹnẹrétọ̀ yẹn, ìyẹn ni pé ìwọ fúnra rẹ á dojú kọ fèrèsé. Ẹ̀yìn rẹ ni kí o wá so búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí, torí ibẹ̀ ni iwájú máìkì ń wò. Àwọn kan á lẹ fóòmù sẹ́yìn máìkì, wọn á fi ògiri ẹ̀yìn ara wọn sílẹ̀ lófìfo.

Ìyá Akọrin (Òṣogbo):
Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sórí táìlì, gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró ti ògiri, kí o sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sílẹ̀ gbayawu. Aṣọ òkè máa ń mu ìró gan-an. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè dá jẹnẹrétọ̀ dúró, ìró tó ń ta padà nínú yàrá nìkan ló ń pa. Ìdájí ni kí o máa ṣe é, kí wọ́n tó pe ìrun àṣùbáà, kí ẹlẹ́rọ ìlọta tó ṣílẹ̀kùn. Pa fáànù. Bí òjò bá dé sórí páànù, dáwọ́ dúró títí yóò fi dá.

Àṣàkẹ́ Akéwì:
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ ṣé mà, Ìyá Akọrin. Ṣé SM58 ṣeé kì bọ laptop tààrà? SM7B tí mo máa ń rí lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Bọ̀ọ̀dá Onísáúndì:
Kò ṣeé kì bọ̀ ọ́, interface ló máa wà láàárín wọn. Fi SM7B, dynamic Shure mìíràn, sílẹ̀ ná. Ó dára púpọ̀, àmọ́ Shure fúnra wọn sọ pé ó fẹ́ gain tó tó 60 dB ó kéré tán, owó rẹ̀ sì máa gbé gbogbo ohun tó o kó jọ lọ. Wo Samson Q2U. Dynamic ni, cardioid ni, ó ní USB tí wàá kì bọ laptop lónìí, ó sì ní ihò XLR, ihò wáyà máìkì onírin mẹ́ta, fún ọjọ́ tí o bá ra interface. Ihò earphone wà lára rẹ̀, wàá máa gbọ́ ara rẹ bí o ṣe ń ké e.

Bó bá jẹ́ SM58 lo padà rà, ṣọ́ra fún ayédèrú, ó pọ̀ lọ́jà. Ojúlówó wọn 298 gíráàmù láìsí wáyà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham):
Ti ohùn tó ń fọ́ yẹn: ibi tí oríkì ti gbóná jù ni kí o fi wọn gain, má fi ìbẹ̀rẹ̀ tó rọ̀ wọ̀n ọ́n. Kí ibi tó ga jù lọ dúró ní nǹkan bíi −10 dB lórí ìwọ̀n ohùn tó ń hàn nínú laptop, torí 0 ni ohùn ti ń fọ́. Tó bá sì kù díẹ̀ kí o ké tòò, yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀.

Àṣàkẹ́ Akéwì:
Q2U ni màá rà. Oríkì Oníkòyí kan wà nílẹ̀ tí ìdílé kan ń retí, òun ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Màá gbé e wá síbí kí ẹ bá mi gbọ́ ọ.