Bíìlì omi wa ṣàdédé lọ sókè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Bíìlì omi tó wọlé lánàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò gbàlejò. Mo ti ń lé àwọn ọmọ jáde nínú ṣáwà báyìí. Kí la tún lè ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Plọ́mbà: Ẹ kú wàhálà, Ìyá Ìbejì. Ẹ fi àwọn ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀ ná! Bíìlì tó bá ṣàdédé fò sókè, ibi tó ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, ẹ kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi fún wákàtí kan tàbí méjì. Tí nọ́ńbà yẹn bá yí, omi ń lọ níbì kan.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí jíjò tirẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì rẹ̀, ẹ kán aró tí wọ́n fi ń pa kéèkì láró sí i, ẹ má fọ́ṣì fún ìṣẹ́jú 15. Tí àwọ̀ bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà tó dí ìdí táǹkì ti gbó nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Há! Ti ìsàlẹ̀ ilé ti pọ́n kí n tó padà débẹ̀. Irú rọ́bà wo ni ká rà?

Ẹ̀gbọ́n Plọ́mbà: Oríṣiríṣi ló wà. Ẹ ti omi tó ń wọ táǹkì pa, ẹ tú ti àtijọ́, ẹ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, ẹ kọ̀wé sí onílé kí ẹ tó tú nǹkan kan o.

Àbúrò Yín: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kéèyàn gbé bíríkì sínú táǹkì yẹn kó má baà gba omi púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Plọ́mbà: Bíríkì kẹ̀! Á máa rún díẹ̀díẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀ á há sẹ́nu rọ́bà, ni jíjò míì bá tún dé. Ike tí ẹ rọ omi kún tí ẹ sì dé pa ló dáa. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ń lo nǹkan bíi 13 lítà lẹ́ẹ̀kan nìkan sì ni o. Ti ìsinsìnyí tó ń lo 6 lítà, ẹ má dá a láàmú, ẹ ó kàn máa fọ́ṣì lẹ́ẹ̀mejì ni.

Bàbá Ọlọ́gbà: Ẹ jẹ́ n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá ń bomi rin ewéko lọ́sàn-án gangan, oòrùn ló ń fún lómi mu. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, ìdí ewéko ni kí ẹ sì da omi sí. Ẹ kọ́kọ́ ki ìka bọ ilẹ̀: tó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ padà sílé lọ sinmi. Ẹ da omi tó máa wọlẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó sàn ju kí ẹ máa wọ́n ọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, torí ibi tí omi bá dé ni gbòǹgbò ń wá a lọ. Ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tó nípọn tó ìka mẹ́ta, ẹ fi bo ilẹ̀, àmọ́ kó má kan ara igi.

Ẹ sì gbe òjò. Òrùlé tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí òjò mìlímítà 10 péré bá rọ̀ sí i, nǹkan bíi 400 lítà ló ń ṣàn wọ gọ́tà. Ẹ dé dọ́rọ́ọ̀mù yín pa nítorí ẹ̀fọn, ẹ má sì mu ún.

Ìyá Ìbejì: Omi ìfọṣọ ńkọ́, sà?

Bàbá Ọlọ́gbà: Tí kò bá ti sí bílíìṣì nínú rẹ̀, ẹ dà á sídìí òdòdó lọ́jọ́ yẹn gan-an, tó bá di ọjọ́ kejì á ti máa rùn. Ẹ má dà á sí ewébẹ̀ tí ẹ máa jẹ ní tútù.