Gbogbo aláìsàn di àgbà: ẹ bá mi wo macro SAS yìí

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ kú àìsùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí oògùn, wọ́n ṣì ń wò mí ni. SAS, ohun èlò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà, là ń lò. Mo ní kí macro (kóòdù tó ń bá wa kọ kóòdù) pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, ẹni ọdún 65 sókè àti ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ di àgbà, títí kan ọmọ ọdún 19! Bẹ́ẹ̀ log (àkọsílẹ̀ ohun tí SAS ṣe) mọ́ tónítóní, kò sí ERROR, kò sí WARNING.

%macro pin(ds);
data &ds._2;
set &ds;
length group $5;
%if age >= 65 %then %do; group = "65+"; %end;
%else %do; group = "<65"; %end;
run;
%mend;

Bàbá Ìbejì, Leeds:
Àbúrò, kọ́kọ́ fi èyí sókè pátápátá, kí o tún un ṣe, kí o sì mú ohun tí log bá sọ wá:

options mprint mlogic symbolgen;

Ìlà log nìkan o. Má gbé dátà aláìsàn kankan wá síbí, kì báà jẹ́ nọ́ńbà wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Ẹ ṣé, sà. Òun nìyí:

MLOGIC(PIN): %IF condition age >= 65 is TRUE
MPRINT(PIN): group = "65+";

Bàbá Ìbejì, Leeds:
Aláìsàn mélòó lo ní?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
412, sà.

Bàbá Ìbejì, Leeds:
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni macro sì béèrè. Ṣé o rántí àwọn akọ̀wé tó máa ń jókòó níta pósófíìsì, tí wọ́n ń bá àwọn ìyá wa kọ lẹ́tà? Macro nìyẹn. Kí lẹ́tà tó délé, akọ̀wé ti ká tábìlì rẹ̀. Data step, apá tó ń ka dátà aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń délé, òun ló ń rí ọjọ́ orí. Lójú macro, ọ̀rọ̀ lásán ni "age". Ó fi wé "65", "a" sì wà lẹ́yìn "6" nínú ASCII, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà àti nọ́ńbà, ló bá ní òótọ́ ni, "age" ló tóbi jù. Tún wo ìlà MPRINT, kóòdù tí macro kọ sílẹ̀: if ti pòórá. Ìbéèrè kankan kò dé ọ̀dọ̀ data step, àṣẹ nìkan ló dé ibẹ̀. Yọ % kúrò:

if age >= 65 then group = "65+";
else if not missing(age) then group = "<65";

Má fo missing yẹn o. Ọjọ́ orí tí wọn ò kọ, SAS kà á sí kékeré ju nọ́ńbà gbogbo lọ.

Àǹtí Dublin:
Èmi náà jìyà rẹ̀, tèmi jẹ́ ti ìwọ̀n oògùn. %if &dose > 10, dose sì jẹ́ 2.5, SAS ní TRUE! %if kì í ka nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì sí nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ló kà á sí. %sysevalf(&dose > 10) ló gbà mí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Ó ti pín wọn dáadáa! Ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé, mà. Àmọ́ mo fẹ́ kí iye àgbà (nagba) hàn nínú àkọlé, mo kọ title 'Agba: &nagba'; bó ṣe wà yẹn gan-an ló tẹ̀ jáde.

Àǹtí Dublin:
Macro kì í wo inú àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan. Fi onílọ́po méjì sí i, "Agba: &nagba".

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Mo ti fi sí i, mà. WARNING ló kù: Apparent symbolic reference NAGBA not resolved. Inú %pin ni mo ti ṣe call symputx, àṣẹ tó ń fi iye sínú nagba, ìta ni title wà.

Bàbá Ìbejì, Leeds:
%pin ní àpótí tirẹ̀ tó ń kó orúkọ bíi nagba sí, torí pé o fún un ní ds. Tí %mend bá ti dé, àpótí dànù, nagba bá a lọ. Fi 'G' kún un:

call symputx('nagba', n, 'G');

Má sì pe &nagba nínú data step kan náà. Jẹ́ kí run; kọjá ná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston:
Agba: 97. Ó ti jáde o!! Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín, sà?

Bàbá Ìbejì, Leeds:
Méjì kọjá. Àwọn ìbejì ni wọn ò jẹ́ kí n sùn, kì í ṣe ìwọ.