Morris tí bàbá mi wà, àti ohun tí ojú mi ti rí lábẹ́ tèmi

Ọmọ Onítákísí, Peckham

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan bèèrè lánàá bóyá ó yẹ kéèyàn ra mọ́tò àtijọ́ ti àwọn òyìnbó yìí, mo ní kí n kúkú sọ tèmi kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Morris Minor ni bàbá mi fi ṣe tákísí l'Ékòó láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń gba apá òsì títì, kí ìjọba tó yí i sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, fọ́tò ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, bàbá mi fẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tí mo wá rí ọ̀kan ní Kent ní 2017, ti ọdún 1964, ẹ́ńjìnì 1098cc, mi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀ mọ́. Mo sanwó, mo wà á wálé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní ta ló kú tí wọ́n ń pín ogún ẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, òtútù mú bátìrì ẹ̀, ó kú fin-ín fin-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń mọ gbogbo nǹkan gbé mọ́tò tiẹ̀ wá ká fi wáyà já a. Ó fi pupa há orí pọ́sítíìfù bátìrì mi, ó wá fi dúdú há irin ẹ́ńjìnì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Morris ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Morris Minor, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe négétíìfù! Ńṣe lọ̀rẹ́ mi wá fi ara mọ́tò mi so orí méjèèjì bátìrì tiẹ̀ pọ̀. Iná ta pàrà! Rọ́bà wáyà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí àbẹ́là, òórùn ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, ó sì já a gbà tipátipá kó tó di pé bátìrì bú gbàmù. Ojú iná yẹn ṣì wà lára irin ẹ́ńjìnì títí dòní. Mo lọ jí pẹ́ńtì èékánná ìyàwó mi, pupa fòò, mo fi ya + ńlá síbi tí wáyà bátìrì ti wọ ara ọkọ̀, kó máà sí ẹni tó máa tún gbọ́n jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ibi iṣẹ́ ń dúró dè mí ṣá, bátìrì ò ṣiṣẹ́, ni mo bá rántí pé irin tí wọ́n fi ń yí i láti iwájú wà nínú bóòtù. Mo kì í bọ ihò ẹ̀ lábẹ́ bọ́ńpà, mo fi gbogbo ìka dì í mú, mo fẹ́ yí i báyìí ni baba òyìnbó kan tó ń kọjá pẹ̀lú ajá ẹ̀ bá pariwo mọ́ mi. Ó ní n má fi àtàǹpàkò ká irin yẹn o, pé kí n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka tó kù, torí tí ẹ́ńjìnì bá tapá padà, á ṣẹ́ ẹ kánún.

Mo dúró síbẹ̀ mi ò lè yí nǹkan kan. Àtàǹpàkò ọ̀tún bàbá mi wọ́ o. Láti kékeré la ti ń bi í, ìjà ló máa ń pè é, nígbà míì ó ní ìlẹ̀kùn. Mo pe màmá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Mọ́tò ló ṣẹ́ ẹ, ojú ló ń tì í."

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti trunnion. Ẹ̀yìn táyà iwájú ló wà, òun ló gbé ẹsẹ̀ táyà dúró, tírẹ́ẹ̀dì ló ní bíi ti bóòtì, tó o bá ti ń yí sítíárìn báyìí ló ń wé tó sì ń tú. Gíríìsì lóúnjẹ ẹ̀. Mo ń yà ní New Cross, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni títì, ni mo gbọ́ gbàgà, imú mọ́tò bá kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Mo sọ̀ kalẹ̀, táyà òsì ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ mọ́gáàdì. Tó bá jẹ́ pé orí eré ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí a tú u, tírẹ́ẹ̀dì yẹn ti dán borokoto, kò sí ìlà kankan lára ẹ̀ mọ́. Ohun tó wá dùn mí ni pé ẹnu kékeré tí wọ́n ń gbà fún un ní gíríìsì, pẹ́ńtì ti bò ó pa. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kun mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ó ń dán an, ó ń dán an, kò fún un lóúnjẹ. Ní báyìí, 1,000 máìlì kan kò gbọdọ̀ kọjá kí n má wọ abẹ́ ẹ̀. Mo máa ń fi jáàkì gbé e kí táyà kúrò nílẹ̀ kí gíríìsì lè rọ́nà wọlé dáadáa, màá sì fún un títí tí dúdú àtijọ́ á fi jáde tán tí tuntun á yọjú.

Ó yá, ẹ̀yin ńkọ́?


Ìyá Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Àbúrò, o kú orí ire ti New Cross yẹn. Èmi ra Mini tèmi ní 1974, kì í ṣe mọ́tò àtijọ́ nígbà yẹn o, mọ́tò ẹni tí kò lówó ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù. Ohun tó ń bá mi jà ni òjò. Iwájú gan-an ni distributor ẹ̀ wà, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ẹ̀yìn gíríìlì báyìí, bí òjò bá ti ń fẹ́ láti iwájú tàbí tí lọ́rì bá ta omi sí ọ, ó parí, ẹ́ńjìnì á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́. Mo ti fi aago méjì òru dúró lójú títì rí nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun, ọlọ́pàá rò pé iwin ni mí.

Bàbá kan tó ń ti àwọn aláìsàn kiri lọ́dọ̀ wa ló sọ àṣírí ẹ̀ fún mi. Ó ní kí n wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kí ló tún pọ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ju ìyẹn lọ? O máa gé orí ìka márààrún díẹ̀. Wáyà mẹ́rin ló ń lọ sí plọ́ọ̀gì, ìkarùn-ún lọ sí kọ́ìlì, ó wá ku ìka kan fún wáyà kan, ó ṣe wẹ́kú! O fi àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ bo gbogbo distributor, o dì í ní ìdí, o parí. Kò kú fún mi nínú òjò mọ́ títí tí mo fi tà á. Ọkọ mi ní ibo ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, mo ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ.


Ọ̀gá Lándì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ń gbádùn, ẹ ń pe fóònù lónìí, pátì ń dé lọ́tùn-únla. Àwa ń wá a ní Gate láàárín irin àlòkù, tó o bá sì rí i, ẹni tó ń tà á á ti mọ̀ lójú ẹ pé o ti wá a títí.

Land Rover Series III lèmi ń tún ṣe, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985. Àwọn èèyàn máa ń gbé e wá, wọ́n á ní "Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò dógùn-ún rárá." Báwo ló ṣe máa dógùn-ún, alumíníọ́ọ̀mù ni ara ẹ̀! Ṣáásì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Òòlù kékeré ni mo máa ń mú, màá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, màá máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún gan-in, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti dún pọ̀, ẹ pe wẹ́dà. Ọ̀kan wà tí òòlù wọlé tí kò padà jáde. Ẹni tó ni ín wọ aṣọ òkè sórí egbò ni, kò sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ sípánà wá nìyí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ dáadáa ni, Toyota ló fi kọ́ṣẹ́, ó fi nọ́ńbà 13 tú nọ́ọ̀tì tó jẹ́ ìdajì íǹṣì. Ìdajì íǹṣì, 12.7 ni tó o bá wọ̀n ọ́n ní mílímítà, torí náà 13 á wọlé, á ṣe bí ẹni bá a mu. Ó fi agbára sí i, kọ́nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nọ́ọ̀tì yẹn fá dànù, ó di róbótó. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣíísẹ́ẹ̀lì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Mo ra sẹ́ẹ̀tì sípánà oní-íǹṣì àlòkù, mo fi pẹ́ńtì funfun sí ìdí gbogbo wọn, ẹni tí mo bá bá sípánà tí kò ní funfun lọ́wọ́ ẹ̀ lábẹ́ Land Rover, yóò ra oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo wa.

Tí oòrùn ọ̀sán bá mú un nínú go-slow tó ń kú, ẹ má sáré tú kábúrétọ̀. Ooru ló sọ epo di èéfín nínú páìpù. Ẹ rẹ àkísà sínú omi, ẹ fi wé pọ́ǹpù epo, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.


Ọmọ Onítákísí, Peckham

Haa, Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ yẹn ti pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹ ṣeun gan-an mà. Ọ̀gá Lándì, òótọ́ lẹ sọ, pátì ò wọ́n níbí, Morris yẹn tà ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Àwa náà ní wàhálà epo tiwa ṣá. Láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n ti ń po ọtí mọ́ petrol lásán dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, E10 ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń jẹ páìpù rọ́bà àtijọ́. Tèmi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ mi bíi ṣingọ́ọ̀mù. Mo ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, E5 tó wọ́n jù yẹn, èyí tí ọtí ẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún lọ, ni mò ń rà fún un báyìí.

Ìyàwó mi tó bú mi, òun ló wá mọ ohùn mọ́tò yẹn jù báyìí. Tó o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù epo á máa dún tọ́-tọ́-tọ́ títí kábúrétọ̀ á fi kún, á wá dákẹ́. Lọ́jọ́ kan kò dún. Kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìdí bàtà ẹ̀ kan pọ́ǹpù yẹn lẹ́ẹ̀kan, tọ́-tọ́-tọ́! Ó padà wọlé, ó de bẹ́líìtì, kò sọ nǹkan kan.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni bíréèkì. Inú ṣáásì lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni master cylinder ẹ̀ wà, ìyẹn ohun tó ń ti omi bíréèkì lọ sí àwọn táyà, bóòtì ẹ̀ kò sì lè jáde àfi tí o bá kọ́kọ́ yọ torsion bar, irin gígùn tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì fún táyà iwájú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí ẹ̀. Ó ti wọlé padà lánàá. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló kù ká lé jáde ní Sátidé, mo sì nílò ẹnì kan tó máa tẹ pẹ́dàlì, tó máa tú u sílẹ̀ nígbà tí mo bá sọ pé kó tú u sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá wù ú. Ọ̀rẹ́ oníwáyà yẹn ti ní òun máa wá. Tí ẹlòmíì bá wà nítòsí Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.