Àbọ̀ lórí fritto misto mi: ó ti ń rún wómúwómú báyìí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo bèèrè lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé kí ló dé tí fritto misto, àdínpọ̀ ẹja àti edé àwọn ará Ítálì, máa ń rọ̀ tó sì ń mu òróró tí mo bá dín in nílé. Mo ti rí ìdáhùn.

Omi ara wọn ni olórí ẹjọ́. Mo fi tíṣù nu kàlàmárì, ẹran omi tí wọ́n ń pè ní squid, àti edé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ wọn sínú fíríìjì fún wákàtí kan láìbò wọ́n, mo tún wọn nù. Mo pa ẹyin àti mílíìkì tì. Semola, ìyẹ̀fun àlìkámà líle, nìkan ni mo lò, mo sì fi asẹ́ gbọn àṣẹ́kù rẹ̀ dànù. Nígbà tí mo ju ẹyọ àkọ́kọ́ sínú òróró, ṣe ló hó ṣìì, kò ta sí mi lọ́wọ́ rárá. Tẹ́lẹ̀, pàràpàrà ló máa ń ta.

Ẹni tó ní kí òróró gbóná dé 180°C, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìkòkò mi kéré. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni mo lè dín lẹ́ẹ̀kan kó má baà tutù. Kàlàmárì ò kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ó dìgbà tó bá jáde kí n tó wọ́n iyọ̀ sí i.

Alici, àwọn ẹja kéékèèké yẹn, ló kù. Wọ́n ṣì ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá ń yọ egungun wọn. Ní báyìí, orí àti ìfun nìkan ni mò ń yọ, mo ń dín wọn tegungun-tegungun. Ẹ ṣeun gan-an.