Mo ka ìwé mẹ́rin, méjì nínú wọn jẹ́ alàwòrán: ẹ bá mi dá sí i

Òǹkàwé Alaalẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin olùfẹ́ ìwé. Èmi kì í ṣe olùkọ́, n kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ rí. Aṣọ ni mo ń tà. Alẹ́ nìkan, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ni mo máa ń ráyè kàwé. Láàárín oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, mo ka ìwé mẹ́rin, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí wọn sí kí n tó béèrè ohun tí ó gbé mi wá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, apá tí ó ṣeé ṣe kí ó jáde nínú ìdánwò nìkan ni wọ́n ní kí a kà. Ní báyìí tí kò sí ìdánwò lọ́rùn mi, apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi gidigidi. Nígbà tí Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú igbó, yọ sí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún tí ó yí orí rẹ̀ ká, mo dìde lọ wò ó bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó, tí ọba fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ Ìrágbèjé ọlọ́gbọ́n nínú ilé olójúlé méje, tí bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje, oorun gbé mi lọ. Mo fi ìwé náà sí abẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Mo fi Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 rọ́pò rẹ̀, alẹ́ méjì péré ni mo sì fi parí rẹ̀. Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, àti Tàfá Ìgìrípá, ń dọdẹ àwọn ọ̀daràn ní ìlú tí èmi náà lè mọ̀, tí ọkọ̀ ń rìn, tí ènìyàn ń ná ọjà. Yorùbá inú rẹ̀ ni Yorùbá tí bàbá mi ń sọ.

Àwọn méjì yòókù jẹ́ ìwé alàwòrán. Persepolis ni èkíní nínú wọn. Marjane Satrapi, ọmọ ilẹ̀ Ìráànì, ni ó kọ ọ́ tí ó sì ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde ní èdè Faransé ní ìdìpọ̀ mẹ́rin láti 2000 sí 2003. Ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ni: bí ìjọba ṣe yí padà ní 1979, bí wọ́n ṣe ní kí àwọn ọmọbìnrin máa bo orí lọ sí ilé ìwé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àti bí ogun Ìráàkì ṣe ká wọn mọ́lé. Dúdú àti funfun lásán ni gbogbo àwòrán rẹ̀. Ibì kan wà tí n kò lè gbàgbé: ọmọ náà sáré padà sí àdúgbò rẹ̀ lẹ́yìn tí ohun ìjà ti wó ilé aládùúgbò wọn, ó sì rí ẹ̀gbà ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú àwókù, àwòrán tí ó tẹ̀ lé e, dúdú biribiri ni, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé Aya, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie sì ya àwòrán rẹ̀ ní 2005. Yopougon, àdúgbò kan ní Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1978. Aya fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n ijó àti ọkùnrin ni Adjoua àti Bintou, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń sá tẹ̀ lé. Kí n má purọ́, ó dà bí òfófó ẹ̀yìnkùlé lójú mi, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ní àjọ̀dún ìwé alàwòrán ní Angoulême ní ilẹ̀ Faransé ní 2006, n kò sì mọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀.

Ṣé èmi ni mo ń kánjú, àbí ọ̀rọ̀ Ìrágbèjé ni ó pọ̀ jù? Kí ni ẹ̀yin rí nínú Aya tí ojú mi kò rí? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ìwé alàwòrán tí a fi Yorùbá kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ka mi sí i.

Tíṣà Àná

Mo kí yín o, Òǹkàwé Alaalẹ́. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo sì lè fi dá yín lójú pé kì í ṣe ẹ̀yin ni oorun máa kọ́kọ́ gbé lọ ní ilé Ìrágbèjé.

Ohun tí mo rò ni pé ẹ ń fi ojú ka ohun tí wọ́n kọ fún etí. Ẹ padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Àkàrà-ògùn wá bá ẹnì kan, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé kí ó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ dé ibì kan, á dákẹ́, á bá tirẹ̀ lọ, nígbà tí ó bá sì padà dé ní ọjọ́ kejì, èrò á ti pọ̀ ju ti àná lọ. Ọ̀nà tí ìwé náà fẹ́ kí a gbà ka òun nìyẹn. Ìrágbèjé fi ọjọ́ méje sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹ̀yin wá fẹ́ gbé ọjọ́ méje mì ní alẹ́ kan. Ẹ ka ti ọjọ́ kan ní alẹ́ kan, kí ẹ sì kà á sókè. Fágúnwà máa ń to gbólóhùn lé gbólóhùn, ó máa ń fi ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ ohun kan ṣoṣo títí ohùn á fi máa dún bí ìlù. Ojú lè fo irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè fò ó.

Èyí kò ní kí n sọ pé ẹ jẹ̀bi pátápátá. Olùkọ́ ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ sì ni, àwọn ibì kan sì wà tí ó dá ìtàn dúró láti wàásù, tí èmi fúnra mi kò bá fẹ́ kí ó dá a dúró. Ẹ gbìyànjú Igbó Olódùmarè ti 1949. Nígbà tí Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, pàdé Èṣù-kékeré-òde, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi bá ara wọn jà, ìjà ẹnu yẹn sì dùn ju ìjà ọwọ́ tí ó tẹ̀ lé e lọ. Ní ti Lápàdé, ó tún wà nínú Àgbàlagbà Akàn tí Òkédìjí gbé jáde ní 1971.

Ọmọ Ògìyán

Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo ti fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n òfófó ẹ̀yìnkùlé tí ẹ pe Aya yẹn ká mi lára.

Ọmọ Èjìgbò ni mí, Abidjan ni wọ́n sì bí mi sí. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò á mọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn, bí àwa ṣe ń pè é, àti pé Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ìyá mi pàtẹ ọjà ní Adjamé títí ọjọ́ ogbó fi dé. Nínú Aya, bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọ̀dọ́ máa ń lọ pàdé olólùfẹ́ wọn ní ọjà tí ó ti ṣófo, lórí àwọn pẹpẹ tí àwọn obìnrin ń pàtẹ lé ní ọ̀sán. Wọ́n ń pè é ní òtẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́gbẹ̀rún ìràwọ̀. Nígbà tí mo dé ojú ewé yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí pé bí ìyá mi bá dé ọjà ní òwúrọ̀, omi àti ọṣẹ ni ó kọ́kọ́ máa ń bèèrè, á nu pẹpẹ rẹ̀ tinútinú kí ó tó tú ẹrù, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwa ọmọ.

Ẹ ní kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún un wò. Ẹni tí kò tí ì ka ìwé náà, kí ó fo gbólóhùn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé èyí. Adjoua lóyún, ó ní Moussa, ọmọ Sissoko olówó tí ó ni ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ni ó fún òun lóyún, gbogbo ẹbí sì ń sáré ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu sọ pé irọ́ ni. Ojú ọmọ náà nínú àwòrán ni ó ń jẹ́ kí òǹkàwé fura, bí ìyá àgbà ṣe máa ń gbé ọmọ tuntun sókè, tí á wò ó, tí á wò ó, tí á sì gbé e padà fún ìyá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo fura pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ni ẹ kà, ẹ kò ka ojú wọn.

Ohun kan tún wà. Abouet fi Abidjan sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ní 1978 tí ó gbé ìtàn rẹ̀ sí, Ààrẹ Houphouët-Boigny ṣì wà lórí oyè, owó kòkó àti kọfí ti sọ ìlú náà di ibi tí gbogbo ènìyàn fẹ́ lọ. Ìdí tí àwọn òbí mi fi lọ nìyẹn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún Satrapi nítorí pé ogun wà nínú ìwé tirẹ̀, àbí? Ìlú tí kò sí ogun náà ní ìtàn. Ní òpin ìwé náà pàápàá, wọ́n kọ́ òǹkàwé bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà àti bí a ṣe ń ró aṣọ. Mo se ọbẹ̀ náà. Ata rẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n ó dára.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ògìyán, ẹ mú orí mi wú.

Ní ti ìwé alàwòrán ní Yorùbá, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Atọ́ka ni? Ìwé ìròyìn ni, 1967 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kì í ṣe àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, fọ́tò àwọn òṣèré gidi ni, tí wọ́n to eré tíátà kan sí ojú ewé lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri tí ó lórúkọ ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀ṣogbo ni mo dàgbà sí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a máa ń dá owó rà, yóò sì gba ọwọ́ ilé mẹ́wàá kọjá kí ó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà náà, ojú ewé tí wọ́n ti tú àṣírí á ti já lọ. Títí di òní, àwọn eré kan wà tí n kò mọ bí wọ́n ṣe parí. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù, ẹ máa béèrè rẹ̀. Mo mọ àwọn òbí tí wọ́n kà á sí ìwé àwọn aláìríṣẹ́ṣe nígbà náà. Ibẹ̀ ni èmi sì ti kọ́ láti mọ Yorùbá kà.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń ka Iyanu, tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan sì ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní 2021, ó sì ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Ó lẹ́wà púpọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì hàn nínú rẹ̀ láti aṣọ dé ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ Iyanu, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, kò sì ní àmì ohùn, nítorí náà ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ ajá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kà á fún wọn ní Yorùbá bí mo ti ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ṣòro jù. Ibi tí mo ti rí nǹkan ni ariwo tí wọ́n máa ń kọ sínú àwòrán ìjà. Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀kan náà fún oríṣiríṣi ohun tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n ní Yorùbá mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣubú: ṣé gbì ni, bí àpò ìrẹsì, àbí gbàgà, bí ilẹ̀kùn irin, àbí wọ̀ọ̀, bí yanrìn tí a dà? Àwọn ọmọ wá ń bá mi ṣe àríyànjiyàn, èyí àbúrò ní gbì kò tó, gbìì ni. Èmi kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi fi èdè tí ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kún ojú ewé àwòrán láti òkè dé ilẹ̀.

Òǹkàwé Alaalẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ Ògìyán, ẹ má bínú, mo padà sí Aya ní àná, mo fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀, mo sì ń wo ojú nìkan. Mo rí ojú ọmọ náà. N kò tí ì gbà pé ó ju Persepolis lọ, ṣùgbọ́n mo fa òfófó ẹ̀yìnkùlé yẹn padà.

Tíṣà, mo yọ Fágúnwà kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ka ọjọ́ kìíní Ìrágbèjé sókè ní yàrá, mo rò pé gbogbo ilé ti sùn. Ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn béèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Àgbákò ni ó kàn wá ní alẹ́ òní, ó sì ti ní kí n lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.