Ṣé kí n fi orúkọ mi sí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọ̀gá mi?

Kànga_Bàrígà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ́nà kan, ìwé tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí, ní kí n bá àwọn yẹ iṣẹ́ kan wò kí n sọ bó ṣe dáa sí. Tí mo bá gbà, gbogbo ayé ló máa ka ohun tí mo kọ, pẹ̀lú orúkọ mi, bí wọ́n ti ń ṣe ní F1000Research, jọ́nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní másítà ló ni iṣẹ́ ọ̀hún, lórí òjé inú omi kànga ní Ajégúnlẹ̀. Kànga 6 péré ló bu omi nínú wọn, ìgbà òjò nìkan, ó sì fi ṣèdájọ́ gbogbo Èkó.

Èmi gan-an ni mo máa ń pariwo pé kí wọ́n ṣí àyẹ̀wò sílẹ̀. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tèmi lórí kànga Ìwáyà ránṣẹ́ síbì kan, oṣù 14 ni mo fi dúró. Ìlà mẹ́ta ló padà wá, ọ̀kan nínú wọn ní kí n lọ wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣì ń dùn mí, torí omi tí àwọn ọmọdé ń mu ni mo kọ̀wé lé lórí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí gbangba pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ju ẹ̀rí tó kó jọ lọ?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Àbúrò mi, má kọ orúkọ kankan. Ìwádìí kan jáde nínú BMJ, jọ́nà àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1999: orúkọ kíkọ kò mú kí àyẹ̀wò dáa sí i, kò sì bà á jẹ́, àmọ́ àwọn tó kọ̀ láti ṣe é pọ̀ sí i. Bí àwọn tí kì í kúnlẹ̀ kí ọ̀gá bá ń sá, kí la fẹ́ kí àwa ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Èbúté Mẹ́ta
Kọ́kọ́ sọ fún olótùú pé ọ̀gá rẹ ni. Ó lè gbé e fún ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ má sì rò pé orúkọ nìkan ni ọ̀nà. EMBO Journal, jọ́nà ìmọ̀ nípa ohun alààyè, ti ń gbé àyẹ̀wò jáde láti 2009 láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Ká ní ẹni tó kọ ìlà mẹ́ta yẹn mọ̀ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde, á jókòó ka iṣẹ́ rẹ dáadáa.

Kànga_Bàrígà
Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ̀wé sí olótùú láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ṣì ní kí n ṣe é, màá kọ orúkọ mi. Bí wọ́n ṣe wọn òjé yẹn dáa gan-an, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá béèrè pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?