Ọ̀nà wà nínú "jìnnà": kí la fẹ́ fi "ìjìnfò" ṣe?

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ní "ìjìnnà" kò bá bàálù mu, pé "jìn" àti "ọ̀nà" ló so pọ̀ di "jìnnà", bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀nà lófurufú. Ẹ wá ní ká máa pe àlàfo pápákọ̀ òfurufú kan sí èkejì ní "ìjìnfò", ẹ sì fi "ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra" tì í lẹ́yìn. N kò gbà.

"Ì-" yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ti wà lẹ́nu èèyàn là ń fi "ì-" sí níwájú: a jẹun, ó di ìjẹun, a rìnnà, ó di ìrìnnà. Ta ló ń sọ pé "Àbújá jìn fò"? Ẹ bi àgbàlagbà èyíkéyìí ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, "ó jìnnà" ni wọn yóò wí. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè sọ ohun tẹ́nu kò sọ di ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ọ̀nà ọ̀fun ńkọ́? Bàálù sì lọ́nà ní tòótọ́: ọ̀nà òfurufú ní orúkọ lórí máàpù awakọ̀, oríta rẹ̀ náà ní orúkọ, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ó kéré tán, sáàárín bàálù méjì tó bá ń gba orí ara wọn kọjá. Ti ẹyẹ lòwe yín wí, kì í ṣe ti bàálù.

Ìkẹjà sí Àbújá tààrà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 511. Bàálù á rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí oríta tó gbọ́dọ̀ gbà, àti torí pé ó ní láti kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀.

"Àkókò ìfò" tẹ́ ẹ pe àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì dára, àmọ́ ẹ fi síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá kúrò ní ìdúró, títí yóò fi tún dúró pátá. Fífi táyà rìn nílẹ̀ àti dídúró de ààyè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbéra sí ìbalẹ̀, bí ìṣẹ́jú 50 ni. Ìyẹn nìkan ni ìfò. Ti tíkẹ́ẹ̀tì, àkókò ìrìnnà ni. Ẹni tó bá sì fi 800 kìlómítà ní wákàtí pín 511, ìṣẹ́jú 38 ló máa rí, yóò sì ṣìnà, torí bàálù kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ó ku "ibùsọ̀", ìyẹn máìlì. Ibi tí elérù ti ń sọ̀ làwọn bàbá wa fi ń ka ọ̀nà. Ìwé wá sọ ọ́ di mítà 1,609. Ti awakọ̀ òfurufú, tó jẹ́ ti awakọ̀ òkun náà (nautical mile), jẹ́ mítà 1,852. Ẹni tó ka ibùsọ̀ 276 láti Ìkẹjà sí Àbújá nínú ìwé awakọ̀, tó fi ti ilẹ̀ ṣírò rẹ̀, kìlómítà 444 ló máa kọ sílẹ̀ dípò 511. "Ibùsọ̀ òkun" lèmi fara mọ́ fún ti awakọ̀. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó ń sọ ẹrù lórí òkun, kó mú tirẹ̀ wá.